Ta Ni Ẹni Àfinúhàn? Agbaninímọ̀ràn àti Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó Jáwọ́ nínú Ẹgbẹ́ Òkùnkùn

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ wò. Òwe yìí wúlò fún gbogbo ẹni tí ń wá olùrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó wúlò fún tó ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn. Wọ́n ti dá irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Wọ́n ṣèlérí ààbò fún un, wọ́n pè é ní ọmọ ìyá, ó sì gbà wọ́n gbọ́. Ìlérí náà ló di okùn tí wọ́n fi dè é. Nígbà tí ẹlòmíràn bá tún wá sọ fún un pé kí ó fọkàn tán òun, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá olùrànlọ́wọ́ ni onítọ̀hún tàbí ọ̀gá tuntun?

Àwọn onímọ̀ ti sọ púpọ̀ lórí ohun tí ń ti akẹ́kọ̀ọ́ sínú ẹgbẹ́ òkùnkùn, àti lórí ìjìyà tí ó tọ́ sí ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀. Ohun tí kò tíì gba àfiyèsí tó ni ọ̀nà tí ẹni tí ó ti jáde yóò gbà rí ẹni tí yóò finú hàn. Ojú ìwòye tí àpilẹ̀kọ yìí dì mú ni pé kì í ṣe oyè, aṣọ iṣẹ́ tàbí ohùn dídùn ni a fi ń mọ agbaninímọ̀ràn tí ó ṣeé fọkàn tán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó yẹ kí á fi wọn irú ẹni bẹ́ẹ̀: kí ni èrè rẹ̀ nínú àṣírí tí a fẹ́ tú fún un? Ẹni tí àṣírí náà yóò sọ di olówó, olókìkí tàbí alágbára kì í ṣe ẹni àfinúhàn, bí ó ti wù kí èrò rẹ̀ dára tó.

Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Dé Ibi tí ó Dé

Ní ọdún 1952, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méje ní University College, Ìbàdàn, tí Wole Soyinka jẹ́ ọ̀kan lára wọn, dá ẹgbẹ́ Pyrates Confraternity sílẹ̀. Ohun tí ó wà lọ́kàn wọn ni láti tako ẹ̀mí ẹlẹ́yàmẹ̀yà, àti fáàrí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fi ọrọ̀ àti ìṣe òyìnbó yangàn. Ìtàjẹ̀sílẹ̀ kò sí nínú ète wọn. Láti àwọn ọdún 1970 ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, tí ìfigagbága sì wọ àárín wọn títí tí ó fi di ọ̀ràn àdá àti ìbọn. Ní ọdún 1984, Pyrates kéde pé àwọn ti kúrò nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogbo, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ yòókù kò kúrò. Ní ọjọ́ 10, oṣù Keje, ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tí wọ́n pa.

Òfin kò dákẹ́. Abala 38(4) nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ sílẹ̀ tàbí láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2021, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 lélẹ̀ fún ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá dá lẹ́bi pé ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé òfin bẹ́ẹ̀ kò nídìí. Síbẹ̀, òfin tí ń dẹ́rù ba ẹni tí ó fẹ́ wọlé a máa dẹ́rù ba ẹni tí ó fẹ́ jáde pẹ̀lú. Bí ọ̀dọ́ náà bá wo iwájú, ọlọ́pàá ni. Bí ó bá wo ẹ̀yìn, àwọn tí ó fi sílẹ̀ ni. Láàárín ewu méjèèjì yìí ni ó ti ń wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀.

Ẹrù tí Ẹni tí ó Jáde Ń Rù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti jáde, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oorun rẹ̀ lè dá. Bí alùpùpù bá dúró lójú fèrèsé, àyà rẹ̀ a já. Ìtìjú ohun tí ó ṣe àti ìrora ohun tí wọ́n ṣe sí i a máa gbé inú rẹ̀ pọ̀. Ó tún lè máa ṣàárò àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé àwọn nìkan ni ó bá jẹun, tí ó bá sùn, tí ó bá rìn fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Àárò yìí ni kì í lè sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, wọn yóò ní òun kò tíì ronú pìwà dà. Bí oògùn olóró bá sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ara rẹ̀ gan-an ni yóò máa bá a jà.

Robert Jay Lifton, oníṣègùn ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò ní Hong Kong, àwọn tí wọ́n ti la ọwọ́ ìjọba Ṣáínà kọjá, tí wọ́n ti fipá yí èrò wọn padà. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1961, ó ka ohun mẹ́jọ tí a fi ń dá irú ètò bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ìjẹ́wọ́. Nínú ètò bẹ́ẹ̀, ìjẹ́wọ́ kì í tu ọkàn lára. Ńṣe ni ó ń fa ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹni lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́. Ohun kan náà ni ẹgbẹ́ òkùnkùn ń lò. Wọn a mú kí ọmọ ẹgbẹ́ ṣe ohun tí kò ní lè sọ níta, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà mọ́ ju tiwọn lọ, kí àṣírí náà sì di ìdè ọrùn rẹ̀.

Ìdí nìyí tí agbaninímọ̀ràn kò fi gbọdọ̀ fi ìjẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, a sá. Bí ọ̀dọ́ náà bá jókòó, tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gbọ́ sì jẹ́ "Jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún mi," ohùn tí ó ti gbọ́ rí nínú igbó ni yóò tún gbọ́.

Ọwọ́ Mẹ́ta tí Ń Nà Sí i

Ní àwùjọ wa, ọwọ́ mẹ́ta ni ó sábà máa ń nà sí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ọwọ́ àwọn olórí ẹ̀sìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti gba ẹ̀mí là, tí wọ́n fún ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ní ibi tí yóò sùn nígbà tí ilé kò gbà á mọ́. Ìyẹn kò ṣeé gbàgbé. Àmọ́ àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀rí lójú ìjọ ni wọ́n ń wá. Wọn a gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ọmọ náà, wọn a ní kí ó dárúkọ ẹgbẹ́, kí ó sọ iye ènìyàn tí wọ́n ṣe ní jàǹbá, bóyá kí ó kó ohun èlò wọn jáde kí gbogbo ènìyàn rí i. Ìjọ yóò pàtẹ́wọ́, orúkọ ìjọ yóò sì kàn. Ọmọ náà ni yóò dá rìn padà sí ilé tí ó háyà lálẹ́ ọjọ́ náà, tí àwọn tí ó dárúkọ wọn sì mọ ojúlé rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́.

Èkejì ni ọwọ́ ẹbí. Ìfẹ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù a máa sọ ìfẹ́ di ipá. Àwọn òbí kan a ti ọmọ mọ́lé, àwọn mìíràn a sì fi í ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ń pè ní ilé àtúnṣe. Ní ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú àwọn ènìyàn tí ó ju 300 lọ sílẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kan ní Kàdúná, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n rí irú rẹ̀ ní Ìbàdàn. Òbí àwọn kan nínú wọn ni ó fi ọwọ́ ara wọn mú wọn débẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ti rìn ní ọ̀nà yìí rí. Ní àwọn ọdún 1970, Ted Patrick a máa gba owó lọ́wọ́ òbí, a sì máa fipá gbé ọmọ wọn kúrò nínú ẹgbẹ́ ẹ̀sìn tí ń darí ọmọ ẹgbẹ́ bí ẹrú, láti lọ tì í mọ́lé títí èrò rẹ̀ yóò fi yí. Ní ọdún 1980, ilé-ẹjọ́ kan ní California dá a lẹ́bi lórí ọ̀ràn ìjínigbé. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ náà níbẹ̀ yí padà sí ọ̀nà tí ẹni náà yóò fi fúnra rẹ̀ gbà láti jókòó, tí ó sì lè dìde lọ nígbà tí ó bá fẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́, èyí sì ni ó kan àwọn òǹkàwé jọ́nà yìí jù lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, olùkọ́ ni agbaninímọ̀ràn. Òun ni ó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì, ó sì lè jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Ní aago mẹ́wàá, ó ní kí ọmọ náà finú han òun. Ní aago méjì, ó jókòó sórí àga ìdájọ́. Ó lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ṣeé finú hàn. Orúkọ tí ó bá gbọ́ ní òwúrọ̀, kò lè ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́ ọ ní ọ̀sán.

Ẹ̀kọ́ tí ó Wà nínú Àṣà Wa

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kò ní láti lọ jìnnà kí wọ́n tó rí àpẹẹrẹ ohun tí ó sàn jù. Bí ẹnì kan bá lọ dá Ifá, kì í ro ẹjọ́ rẹ̀ fún babaláwo. Owó tàbí obì ni yóò mú, yóò sì sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí babaláwo má baà gbọ́. Babaláwo yóò dá Ifá, yóò sì máa ki ẹsẹ Ifá. Ẹni tí ó ni ọ̀ràn ni yóò sọ pé "Èyí tí ẹ kì yìí ni ó bá ọ̀rọ̀ mi mu." Bí ó bá fẹ́, yóò wá sọ ohun tí ó gbé e wá, kí wọ́n lè jọ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ìbéèrè nípa bóyá Ifá rí ọ̀la kọ́ ni ó kan àpilẹ̀kọ yìí. Ohun tí ó kàn án ni pé àwọn baba wa mọ̀ pé a lè ran ènìyàn lọ́wọ́ láì kọ́kọ́ gba àṣírí rẹ̀, àti pé ọwọ́ ẹni tí ó ni ìṣòro ni ìpinnu ìgbà tí yóò sọ ọ́ wà.

Ọ̀rọ̀ náà "awo" pàápàá yẹ fún àtúnyẹ̀wò. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn a máa fi òwe de ara wọn pé awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Ṣùgbọ́n àṣírí tí babaláwo ń pa mọ́, nítorí ẹni tí ó wá bá a ni. Àṣírí tí ẹgbẹ́ òkùnkùn ń pa mọ́, nítorí ẹni tí ó ṣe ibi ni. Ibi tí iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ti yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ń ti ilẹ̀kùn.

Àmì tí a Fi Ń Dá Ẹni Àfinúhàn Mọ̀

Àmì kìíní ni pé ó ń sọ ààlà rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Yóò sọ ohun tí òun yóò pa mọ́, yóò sì sọ ohun tí òun kò ní lè pa mọ́, pàápàá bí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu. Ẹni tí ó bá sọ pé òun yóò pa gbogbo rẹ̀ mọ́ láìku ẹyọ kan ń ṣe ìlérí tí kò ní lè mú ṣẹ. Kí ọmọ náà mọ ibi tí odi wà kí ó tó sọ̀rọ̀ sàn ju kí ó fi orí sọ ọ́ lẹ́yìn tí ó ti sọ tán.

Àmì kejì ni pé ààbò ni ó kọ́kọ́ ń bèèrè. Judith Herman, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1992 lórí ìpalára ọkàn àti ìwòsàn, pín ìwòsàn sí ìpele mẹ́ta: ààbò, ìrántí pẹ̀lú ọ̀fọ̀ ohun tí ó sọnù, àti pípadà sí àárín àwùjọ. Agbaninímọ̀ràn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò bèèrè ibi tí ọmọ náà ń sùn, ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀nà tí ó ń gbà dé kíláàsì àti bóyá ó ń jẹun, kí ó tó bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú igbó.

Àmì kẹta ni pé kò dárúkọ ohun tí yóò gbà ju owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ, bí owó bá wà níbẹ̀ rárá. Kò gba ẹ̀jẹ́, kò gba ìbúra, kò gba ìgbọràn. Kò ní kí ọmọbìnrin wá bá òun ní òru, nítorí ẹgbẹ́ obìnrin náà wà, àwọn tí ó jáde nínú wọn sì ń bẹ nínú ewu tí a kì í sábà sọ. Kò ní kí ọmọ náà yẹra fún gbogbo ènìyàn àyàfi òun. Ẹgbẹ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àmì kẹrin ni pé ó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí oorun kò bá wá mọ́, bí ọmọ náà bá ń gbọ́ ohùn, bí oògùn kò bá jẹ́ kí ó dúró, tàbí tí ó ń sọ̀rọ̀ ikú, dókítà ni ó kàn. Ní Arò, Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí àwọn tí ara wọn kò yá yóò fi máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn lọ́dọ̀ wọn, tí wọn yóò sì máa lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ó tún bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìwòsàn kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan, àti pé àárín ènìyàn ni ọkàn tí ó gbọgbẹ́ ti ń jinná.

Àmì tí ó kẹ́yìn ni ó ṣe kókó jù. Ẹni àfinúhàn máa ń jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Bí ọmọ náà bá ní òun fẹ́ lọ bá ẹlòmíràn, yóò bá a wá ẹni náà, kò ní bínú. Carl Rogers, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìtọ́sọ́nà àti ìmọ̀ràn ń kà nípa rẹ̀, tẹnu mọ́ ọn ní ọdún 1957 pé òótọ́ inú, ìtẹ́wọ́gbà tí kò ní àdéhùn nínú, àti fífi ara ẹni sí ipò ẹlòmíràn wà lára ohun tí ń mú ènìyàn yí padà. Kò sí ipá níbẹ̀.

Ohun tí Ó Yẹ Kí Ilé-Ẹ̀kọ́ Ṣe

Ìtọ́sọ́nà àti ìmọ̀ràn kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1959 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, fún àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ parí ilé-ìwé. Ẹgbẹ́ àwọn agbaninímọ̀ràn orílẹ̀-èdè yìí sì ti wà láti ọdún 1976. Ohun tí ó kù ni kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àgbà ya iṣẹ́ yìí kúrò lára iṣẹ́ ìdájọ́. Ẹni tí ó bá wà nínú ìgbìmọ̀ ìbáwí kò gbọdọ̀ jẹ́ agbaninímọ̀ràn fún ẹni tí ó jáde nínú ẹgbẹ́. Ọ́fíìsì agbaninímọ̀ràn kò sì yẹ kí ó wà ní ojútáyé, níbi tí gbogbo ẹni tí ń kọjá yóò ti máa ka àwọn tí ń wọlé.

Àwọn kan yóò sọ pé èyí yóò dáàbò bo ọ̀daràn. Ìbẹ̀rù wọn kò ṣe é fi ṣeré, nítorí àwọn òbí wà tí wọ́n ti sin ọmọ, tí kò sì sí ẹni tí a mú. Ẹni tí ó pa ènìyàn ní ẹjọ́ láti jẹ́, àṣírí agbaninímọ̀ràn kò sì lè sọ ìpànìyàn di ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọlọ́pàá ni wíwá ọ̀daràn. Bí a bá fi yàrá ìmọ̀ràn ṣe àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀daràn kò ní wọ ibẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ jáwọ́ kò sì ní wọ ibẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ nìkan ni yóò kù fún un. Kò sí ohun tí ń dín ẹgbẹ́ òkùnkùn kù tó ilẹ̀kùn tí ọmọ ẹgbẹ́ lè gbà jáde láàyè.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ gidigidi, nítorí pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ti wọ ilé-ìwé gírámà. Lẹ́nu ìdánrawò ìkọ́ni, ọmọ ọdún 15 lè dúró ti olùkọ́ lẹ́yìn tí kíláàsì bá túká, kí ó ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ kan wà." Kí olùkọ́ má ṣe pe olùkọ́ mìíràn kí wọ́n jọ wò ó. Kí ó má ṣe wàásù. Kí ó jókòó, kí ó ní "Mo ń gbọ́. Kí o tó sọ ọ́, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo lè pa mọ́ àti èyí tí mi ò lè dá pa mọ́ fún ọ." Lẹ́yìn náà kí ó bèèrè bóyá ọmọ náà ní ibi tí ó lè sùn láìfòyà lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ju agbára rẹ̀ lọ, kí ó sọ bẹ́ẹ̀, kí ó sì bá ọmọ náà rìn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Rírìn náà ṣe pàtàkì ju kí ó kàn tọ́ka ọ̀nà.

Àgbálọgbábọ̀

Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó jáwọ́ nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn ní ẹ̀tọ́ láti wo ilé dáadáa kí ó tó wọ̀ ọ́. Ó ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ìwé ẹ̀rí, láti bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, láti dákẹ́ títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀, àti láti dìde lọ. Agbaninímọ̀ràn tí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá bí nínú ti dáhùn. Àwọn tí ó ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ti pàdánù ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wọn ni agbára láti sọ pé "Rárá." Iṣẹ́ àkọ́kọ́ agbaninímọ̀ràn ni láti dá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn padà fún wọn, kódà bí òun gan-an ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.